Pẹ́pítáìdì B:9-23 ti ìnsúlínì

Pẹ́pítáìdì B:9-23 jẹ́ ègé kékeré kan lára ìnsúlínì, họ́mọ̀nù tí ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ámínò ásíìdì 15 péré ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò ó láti fi wádìí àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, ìyẹn àtọ̀gbẹ tí ó máa ń wáyé nígbà tí ètò ààbò ara bá dojú ìjà kọ ara tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́. Lára irú eku kan tí a ń pè ní NOD, ẹ̀rí tí ó lágbára wà pé ègé yìí gan-an ni ìjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lára ènìyàn, ọ̀rọ̀ kò tíì dájú tó bẹ́ẹ̀. Lára àwọn ọmọ Áfíríkà, títí kan àwọn Yorùbá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hàn pé ìbéèrè mìíràn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dáhùn: ṣé ara ni ó ń bá ara jà nínú gbogbo ọmọ tí ìnsúlínì tán lára wọn?

Orúkọ àti ìṣètò rẹ̀

Púrótéènì kékeré ni ìnsúlínì. Ẹ̀wọ̀n méjì ni ó para pọ̀ dì í: ẹ̀wọ̀n A tí ó ní ámínò ásíìdì 21, àti ẹ̀wọ̀n B tí ó ní 30. Ìdè tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀ ni ó so méjèèjì pọ̀. Frederick Sanger, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cambridge, ni ó kọ́kọ́ fi hàn bí àwọn ámínò ásíìdì wọ̀nyí ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ti ẹ̀wọ̀n B ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1951, ti ẹ̀wọ̀n A sì tẹ̀lé e ní 1953. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1958.

Orúkọ pẹ́pítáìdì náà kò ju àpèjúwe ibi tí ó wà lọ. Bí ènìyàn bá ń ka ẹ̀wọ̀n B bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, ìlẹ̀kẹ̀ kẹsàn-án ni ègé yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kẹtàlélógún ni ó sì parí sí. Ní ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ fi ń kọ ámínò ásíìdì, lẹ́tà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, báyìí ni ti ènìyàn ṣe rí: SHLVEALYLVCGERG. Kí òǹkàwé fi ọkàn sí lẹ́tà Y tí ó wà láàrin. Tyrosine ni ó dúró fún, ipò kẹrìndínlógún nínú ẹ̀wọ̀n B ni ó sì wà. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo yìí ni a óò padà bá nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ ọdún 2005.

Sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà ni ó ń ṣe ìnsúlínì. Inú páńkíríásì, ẹ̀yà ara gígùn kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń gbé, ní àwọn agbo kéékèèké tí a ń pè ní erékùṣù Langerhans. Bí wọ́n bá kú tán, ṣúgà kò ní lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan mọ́. Aláìsàn yóò máa tọ̀ lemọ́lemọ́, òùngbẹ yóò máa gbẹ ẹ́, yóò sì máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun. Orúkọ tí Yorùbá fún àrùn náà, àtọ̀gbẹ, bá oríṣi kìíní yìí mu ju oríṣi kejì tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn àgbàlagbà lọ, nítorí oríṣi kìíní ni ó ń mú kí ènìyàn tọ̀ títí tí yóò fi gbẹ. Àwọn àgbà pẹ̀lú ti mọ̀ tipẹ́ pé bí èèrà bá ń ṣù bo ibi tí ènìyàn tọ̀ sí, nǹkan kan ń ṣe onítọ̀hún.

Bí ara ṣe ń ṣi ara mú

Ètò ààbò ara dà bí ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú lóru. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mọ ọmọ ìlú yàtọ̀ sí olè. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì T inú rẹ̀ kì í rí odidi púrótéènì. Ègé ni ó ń rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan máa ń gbé púrótéènì mì, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á sì pàtẹ àwọn ègé náà sí ojúta kí sẹ́ẹ̀lì T lè yẹ̀ wọ́n wò. Àtẹ tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí lára ènìyàn ni HLA. Ègé tí ó bá bá ihò inú àtẹ mu nìkan ni ó lè dúró lórí rẹ̀, ìrísí àtẹ náà sì yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ohun tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ìdí nìyí tí HLA fi jẹ́ ohun àjogúnbá tí ó lágbára jù lọ nínú ewu àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní.

Ní ọdún 1987, John Todd, John Bell àti Hugh McDevitt fi hàn pé ámínò ásíìdì kan ṣoṣo ní ipò 57 lára àtẹ tí a ń pè ní DQ ní ipa púpọ̀ lórí ewu náà. Àwọn àtẹ DQ tí kò ní aspartic acid níbẹ̀, irú bíi DQ8, ni ó wọ́pọ̀ lára àwọn aláìsàn. Àtẹ tí eku NOD ní, tí a ń pè ní I-Ag7, kò ní i bákan náà. Ìjọra yìí ni ó jẹ́ kí àwọn olùwádìí ní ìgboyà pé ohun tí wọ́n bá rí lára eku lè ní ìtumọ̀ lára ènìyàn.

Kí sẹ́ẹ̀lì T tó jáde síta, ó ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yà ara kan tí ó wà ní àyà, tí a ń pè ní thymus, ni ilé ẹ̀kọ́ náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ègé àwọn púrótéènì ara hàn án, èyí tí ó bá sì bínú sí wọn jù ni a máa ń pa dànù. Thymus pàápàá ń ṣe ìnsúlínì díẹ̀ fún ìdí yìí. Bí ó bá ṣe é tó, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó lè bá ìnsúlínì jà kò ní pọ̀ ní ìta. Bí ó bá ṣe é kéré jù, wọn yóò bọ́ kọjá. Agbègbè kan tí ó wà níwájú jíìnì ìnsúlínì, tí ó máa ń gùn tàbí kúrú láti ara ẹnì kan sí òmíràn, ni ó ń pinnu iye tí thymus yóò ṣe. Ìwádìí méjì tí a tẹ̀ jáde ní 1997 fi hàn pé irú èyí tí ó gùn ń mú kí ìnsúlínì inú thymus pọ̀ sí i, ó sì ń dín ewu àtọ̀gbẹ kù.

Eku NOD

Ní Japan ni wọ́n ti rí eku NOD. Makino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Shionogi ni wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1980. Ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé àtọ̀gbẹ ń mú eku wọ̀nyí fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi oògùn kan ba páńkíríásì wọn jẹ́, àwọn abo ni ó sì ń mú jù.

Dale Wegmann àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Colorado, Amẹ́ríkà, yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì T láti inú erékùṣù páńkíríásì eku NOD tí àtọ̀gbẹ kò tíì mú. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wá ṣe níbẹ̀. Ní 1994 wọ́n ròyìn pé púpọ̀ nínú wọn ń dá ìnsúlínì mọ̀, ní 1995 wọ́n sì fi hàn pé ibì kan náà ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn wọ̀nyí ń tọ́ka sí: B:9-23. Nígbà tí wọ́n fi irú àwọn sẹ́ẹ̀lì T bẹ́ẹ̀ sí ara eku mìíràn, àtọ̀gbẹ tètè mú un.

Ní 1996 ni Daniel àti Wegmann wá ṣe ohun tí ó dà bí òdìkejì. Wọ́n fi pẹ́pítáìdì náà sí imú eku, tàbí wọ́n gún un sábẹ́ awọ ara, àtọ̀gbẹ kò sì mú àwọn eku náà tó bí ó ti ń mú àwọn yòókù. Ègé kan náà tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ lè pẹ̀tù síjà bí a bá gba ọ̀nà mìíràn gbé e wọlé. Ìrètí oògùn ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba ewu tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ń yin ìwádìí yìí kì í sábà sọ ọ́. Ní 2002, Liu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé bí a bá ń gún eku NOD ní pẹ́pítáìdì yìí léraléra, ara wọn lè kọ̀ ọ́ lójijì débi pé wọ́n á kú ní kíákíá, bí ó ṣe máa ń rí lára ẹni tí oyin ta tí ara rẹ̀ kò gba oró oyin.

Ìlẹ̀kẹ̀ kẹrìndínlógún

Eku ní jíìnì ìnsúlínì méjì, ènìyàn ní ẹyọ kan. Maki Nakayama, George Eisenbarth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Barbara Davis Center ní Colorado mú jíìnì méjèèjì kúrò lára eku NOD, wọ́n sì fi ìnsúlínì mìíràn rọ́pò wọn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sínú rẹ̀: ní ipò kẹrìndínlógún nínú ẹ̀wọ̀n B, wọ́n yọ tyrosine, wọ́n fi alanine sí i. Ìnsúlínì tuntun náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lórí ṣúgà bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì T tí ń wá B:9-23 kò dá a mọ̀ mọ́. Àtọ̀gbẹ kò mú àwọn eku wọ̀nyí. Ìwé ìròyìn Nature ni ó gbé èsì náà jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2005.

Ìdí tí ìwádìí yìí fi gbajúmọ̀ ni pé ó dáhùn ìbéèrè tí kò rọrùn láti dáhùn. Nígbà tí àtọ̀gbẹ bá ti gbilẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ púrótéènì inú sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà ni ara ń bá jà, ó sì ṣòro láti mọ èyí tí ó kọ́kọ́ bí i nínú. Ó dà bí ìjà ojà tí gbogbo ènìyàn ti dá sí. Nakayama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ẹnì kan kúrò nínú ọjà, ìjà náà kò sì ṣẹlẹ̀ rárá.

Síbẹ̀ ohun kan kò yé àwọn onímọ̀: B:9-23 kì í dúró dáadáa lórí àtẹ I-Ag7. Ó lè gba ọ̀nà mélòó kan jókòó sórí rẹ̀, èyí tí sẹ́ẹ̀lì T fẹ́ràn jù sì ni èyí tí ó máa ń tètè yẹ̀ kúrò. Àwọn olùwádìí bíi Stadinski àti Crawford, ní 2010 àti 2011, fi hàn pé bí a bá yí ámínò ásíìdì kan padà ní ìparí rẹ̀, yóò jókòó gírígírí, sẹ́ẹ̀lì T yóò sì dá a mọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé nítorí pé ègé náà kì í dúró pẹ́ lórí àtẹ ní thymus, àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí ó ń wá a kì í rí i kí a tó jọ̀wọ́ wọn síta. Nínú páńkíríásì, níbi tí ìnsúlínì ti pọ̀ bí omi òjò, wọ́n á wá rí i lọ́pọ̀ yanturu. Ní 2018, ẹgbẹ́ Emil Unanue ní St. Louis fi kún un pé sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà fúnra wọn ń tú irú àwọn ègé bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ètò ààbò ara lè pàdé wọn ní ibi tí ó jìnnà sí páńkíríásì.

Lára ènìyàn

Ní 2001, Alleva àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí sẹ́ẹ̀lì T tí ó ń dáhùn sí B:9-23 nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n nínú ìtẹ̀jáde Nature kan náà tí ó gbé iṣẹ́ Nakayama ní 2005, ẹgbẹ́ Sally Kent ròyìn pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n A, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n B, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n rí nítòsí páńkíríásì àwọn aláìsàn tí ó ti kú ń dá mọ̀. Ní 2016, Delong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé ègé ìnsúlínì lè so mọ́ ègé púrótéènì mìíràn nínú sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà, kí ó sì di ohun àjèjì tí kò sí nínú jíìnì ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, a lè sọ pé ìnsúlínì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ara ń bá jà. Pé B:9-23 nìkan ni orísun ìjà náà lára ènìyàn, ẹ̀rí kò tó láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Neurocrine Biosciences ní Amẹ́ríkà gbìyànjú láti sọ ọ́ di oògùn. Wọ́n yí ámínò ásíìdì méjì padà nínú pẹ́pítáìdì náà, ní ipò 16 àti 19, wọ́n sì pe èyí tí wọ́n ṣe ní NBI-6024. Èrò wọn ni pé sẹ́ẹ̀lì T yóò rí ohun tí ó jọ ọ̀tá, inú rẹ̀ yóò sì rọ̀ dípò kí ó bínú. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn 188 tí àtọ̀gbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú. Àwọn dókítà láti Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà wà nínú àwọn tí ó darí ìdánwò náà. Nígbà tí èsì jáde ní 2009, kò sí ìyàtọ̀ láàrin àwọn tí ó gba oògùn náà àti àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú: ìnsúlínì tí ara wọn ń ṣe ń dín kù bákan náà, iye tí wọ́n ń gún lójúmọ́ kò sì yàtọ̀.

Àwọn kan sọ pé ó pẹ́ jù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí nígbà tí ènìyàn bá ti ń tọ̀ lemọ́lemọ́, púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà ti lọ. Àríyànjiyàn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Oògùn kan tí ó ní ipa, teplizumab, tí àjọ tí ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ń ṣiṣẹ́ lára àwọn tí àtọ̀gbẹ kò tíì hàn lára wọn ní gbangba ṣùgbọ́n tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń sún ọjọ́ àìsàn síwájú ní nǹkan bí ọdún méjì. Kì í ṣe pẹ́pítáìdì, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú B:9-23, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àkókò ní ipa.

Àwọn Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ náà

Ìwé ìwádìí lórí B:9-23 kì í sábà dárúkọ Áfíríkà. Àwọn àtẹ HLA tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ni èyí tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ funfun. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà nínú ìpìlẹ̀ ìmọ̀ jíìnì òde òní. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti ya àwòrán ìyàtọ̀ inú jíìnì ènìyàn, àwọn ènìyàn 90 láti Ìbàdàn, ìyẹn bàbá, ìyá àti ọmọ ní ìdílé 30, fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ Yorùbá ni wọ́n ń gbà. Lẹ́tà YRI ni àwọn onímọ̀ fi ń pe àkójọ náà, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé ìwádìí jíìnì kan ní ayé tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe aláìsàn àtọ̀gbẹ. Ohun tí àkójọ wọn ṣe ni pé ó jẹ́ kí a lè fi ti aláìsàn wé ti ẹni tí ara rẹ̀ le.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Agbègbè tí ó wà níwájú jíìnì ìnsúlínì, tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ní oríṣiríṣi ìrísí lára àwọn ọmọ Áfíríkà ju ti àwọn ará ìyókù ayé lọ gidigidi, gẹ́gẹ́ bí Stead àti Jeffreys ti fi hàn ní 2002. Ti HLA náà rí bẹ́ẹ̀. Irú DR3 tí ó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, DRB1*03:01, ń mú ewu àtọ̀gbẹ pọ̀ sí i. DRB1*03:02, tí ó jẹ́ ti àwọn tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà, ń dáàbò boni ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn kọ DR3 sínú ìwé láìsọ irú èyí tí ó jẹ́ lè pe ààbò ní ewu.

Ní 2019, Suna Onengut-Gumuscu, Stephen Rich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe àyẹ̀wò àwọn aláìsàn àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní tí ó lé ní 1,000 tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà. Jíìnì HLA àti jíìnì ìnsúlínì ni ó yọrí jù nínú èsì wọn. Èyí ṣe pàtàkì fún àkòrí wa, nítorí ó fi hàn pé ìnsúlínì wà nínú ọ̀rọ̀ náà lára aláwọ̀ dúdú pẹ̀lú. Wọ́n tún rí i pé ìṣirò ewu tí wọ́n fi àmì 7 péré láti ara àwọn tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà ṣe sàn ju èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Yúróòpù lọ nígbà tí wọ́n lò ó fún wọn.

Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ẹni tí a kò gbọdọ̀ fò dá ni Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìbàdàn, UCH, tẹ ìwádìí lórí àwọn aláìsàn àtọ̀gbẹ 832 jáde ní ọdún 1971. Àgbàlagbà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1992, Afoke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àtọ̀gbẹ tí ó nílò ìnsúlínì láàrin àwọn ọmọ ilé ìwé Igbo, wọ́n sì rí nǹkan bí 0.33 nínú ọmọ 1,000. Iye náà kéré sí ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: ọmọ tí ó kú kí a tó mọ ohun tí ń ṣe é kò sí ní ilé ìwé ní ọjọ́ tí wọ́n ń kà wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ìwádìí YODA dé. Jean Claude Katte, Eugene Sobngwi, Moffat Nyirenda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ ènìyàn 894 wò ní Cameroon, Uganda àti Gúúsù Áfíríkà, ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí àwọn dókítà ti sọ pé àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ni wọ́n ní. Ní 2025 wọ́n ròyìn pé nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 wọn kò ní áńtíbọ́dì kankan tí ó fi hàn pé ara ń bá páńkíríásì jà. Ewu jíìnì wọn pẹ̀lú kéré sí ti àwọn tí ó ní i. Ìnsúlínì tán lára wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jọ pé sẹ́ẹ̀lì T ni ó pa á. Nàìjíríà kò sí nínú ìwádìí náà, nítorí náà a kò lè gbé ìdá yẹn ka orí àwọn ọmọ Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí níhìn-ín, oògùn tí a bá fi B:9-23 ṣe, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò ní wúlò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ìjà kankan tí yóò pẹ̀tù sí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 bákan náà ni àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ, IDF, gba àtọ̀gbẹ tí ó ń ti ara àìjẹunre-kánú wá gẹ́gẹ́ bí oríṣi karùn-ún.

Láti Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sì ni ti Orólu, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Olóbùú ni ọba ti àkọ́kọ́, Olúfọ́n ni ti èkejì. Ìlú méjèèjì fara kan ara wọn débi pé àlejò lè máà mọ ìgbà tí ó kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Òṣogbo, níbi tí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, kò jìnnà sí wọn.

Ibi tí gbogbo ìwádìí òkè yìí ti kan ìdílé kan ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí rù. Ọmọ tí ìnsúlínì tán lára rẹ̀ lè máa bì, kí inú máa run ún, kí ó máa mí gúlegúle, kí èémí rẹ̀ sì máa rùn bí èso tí ó pọ́n jù. A lè pe èyí ní ibà, kí a máa fún un ní oògùn ibà títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́. Àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tí a fi abẹ́rẹ́ gún ìka tí a sì kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo sórí ìwé àyẹ̀wò, kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Òun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe fún ọmọ tí ń mu omi púpọ̀, tí ń tọ̀ sórí ẹní lẹ́yìn tí ó ti jáwọ́ nínú rẹ̀, tí ó sì ń rù. Àyẹ̀wò áńtíbọ́dì, tí yóò sọ bóyá ara ni ó ń bá ara jà, ṣòro láti rí ju èyí lọ, owó rẹ̀ sì pọ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ń kọ oríṣi kìíní sí ìwé wọn láìmọ̀ bóyá òun ni.

Fún ọmọ tí ìnsúlínì ti tán lára rẹ̀, ìtọ́jú kan náà ni: ìnsúlínì, lójoojúmọ́. Ohun tí ó gba Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14 ní Toronto, là ní oṣù Kìíní ọdún 1922 nìyẹn, kò sì tíì sí ohun mìíràn tí ó rọ́pò rẹ̀ fún ẹni tí sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà rẹ̀ ti tán. Ìnsúlínì kò fẹ́ ooru. Níbi tí iná mànàmáná kò bá dúró tí fíríìjì fi lè máa ṣiṣẹ́, ìkòkò amọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ tí ń ran àwọn ọmọ alátọ̀gbẹ lọ́wọ́ ń dámọ̀ràn: ìkòkò kan nínú òmíràn, iyanrìn tútù láàrin wọn, a ó máa bu omi sí i, a ó sì gbé e sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Omi tí ó ń gbẹ ní ara ìkòkò ni ó ń mú inú rẹ̀ tutù, bí àmù ilé ìyá àgbà ṣe ń mú omi mímu tutù. Kì í tutù tó fíríìjì, ṣùgbọ́n ó lè gba ìgò tí a ń lò lọ́wọ́ lọ́wọ́ ooru ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní 2025, ìjà ààlà ilẹ̀ láàrin Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tún bẹ́ sílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde òfin kónílé-ó-gbélé ní ìlú méjèèjì àti ní Ẹrin-Ọ̀ṣun. Ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè fara da ọjọ́ kan tàbí méjì láìrí i rà. Ọmọ tí kò ní ìnsúlínì rárá lára kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀: láàrin wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ kan, ásíìdì yóò ti máa gun ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn dókítà fi máa ń gba ìdílé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìgò tí ó wà nílé ku ẹyọ kan, kí wọ́n sì mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ju ẹyọ kan lọ.